Bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ti di bọ́ọ̀lù olówó: ká yọ̀ ni, àbí ká sunkún?

Láti Ajue, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí ọ̀rọ̀ kòkó àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í tán lẹ́nu èèyàn. Ti bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ kòkó á yọjú sí i kí n tó parí.

Ẹ wò ó, owó ti wọ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ girama àti ọmọ yunifásítì ń gbá, tí a mọ̀ sí eré lásán, ti ń di iṣẹ́. Bí ẹ bá dé ìdí ayò ní Ajue nírọ̀lẹ́, tàbí ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí ẹ̀. Iyàn náà a máa le bí ìjà Òrè ọdún 1967. Àwọn kan á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn kejì á ní rárá o, owó ti ba adùn ẹ̀ jẹ́. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, apá méjèèjì ni mo wà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

NÍGBÀ TÍ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ JẸ́ ỌMỌ WA

Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ojú mi ò tó àwọn nǹkan tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ yìí. Lẹ́nu àwọn bàbá wa ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì kà á síwájú sí i. L'Ékòó, ìdíje ife àwọn pírínsípà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940 pẹ̀lú orúkọ Zard Cup, a máa kó èèyàn jọ bí ọjọ́ ọdún. St. Finbarr's College, tí àlùfáà ará Ireland nì, Fadá Denis Slattery, dá sílẹ̀ ní 1956, wà lára àwọn tó lókìkí jù níbẹ̀. Bàbá náà fúnra ẹ̀ a máa fọn fèrè lórí pápá, rẹ́fẹ́rì ni. Ilé-ìwé yìí ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu lọ. Nwosu ò tíì pé ogún ọdún nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ Green Eagles tó gba ife Áfíríkà ní 1980. Keshi ní tiẹ̀ jẹ́ balógun àwọn tó gbà á ní 1994, òun náà ló tún jẹ́ kóòṣì àwọn tó gbà á ní 2013.

Àwọn yunifásítì náà ní tiwọn. Ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje NUGA, ní Ìbàdàn. Ẹ sì wo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ 1980 yẹn. Adokiye Amiesimaka, Yunifásítì Èkó ló ti kàwé òfin, ó sì di kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers nígbà tó yá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá gòólù méjì sáwọ̀n nígbà tí a na Algeria ní 3-0 lọ́jọ́ àṣekágbá, Pólì Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìwé lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa máa ń rántí nìyẹn tí wọ́n fi ń mi orí.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká sọ òótọ́, kì í ṣe gbígbá bọ́ọ̀lù náà gan-an ló ń pa òǹwòran bọ́ọ̀lù ilé-ìwé bí ọtí. Bó bá jẹ́ gbígbá ni, ti Yúróòpù wà nínú tẹlifíṣàn. Ohun tó ń pa wá ni pé ọmọ wa ló ń gbá a. Nígbà tí àwọn ọmọ Ajue bá bá àwọn ọmọ Òrè pàdé, ìyá alákàrà á fi epo sílẹ̀ lórí iná, á sáré wá sí etí pápá. Ó mọ ìyá ọmọ tó mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ó mọ kíláàsì tí ọmọ náà wà, ó mọ gbèsè àkàrà tó jẹ. Bí ọmọ náà bá gbá a sáwọ̀n, ìyá alákàrà náà ló gbá a sáwọ̀n. Ẹ lọ wá iye tí ẹ máa fi ra irú ìdùnnú yẹn.

TA LÓ Ń SANWÓ ÌGBÁDÙN WA?

Ó dáa. Àwọn tó ní kí owó má débẹ̀ rárá, ohun kan wà tí wọ́n ń gbàgbé. Àwa òǹwòran ń jẹ̀gbádùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-ìwé ń gba ife, pírínsípà ń gba ìyìn. Ọmọ tó sáré kiri fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ńkọ́? Ọsàn méjì àti omi inú ọ̀rá ni tiẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní girama ni. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ẹ̀yìn lápá òsì ló máa ń gbá. Lọ́jọ́ kan tí a ń bá ilé-ìwé mìíràn figẹ̀ wọngẹ̀, ẹnì kan já lù ú lẹ́sẹ̀, egungun ojúgun ẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. A borí lọ́jọ́ yẹn o. Bí wọ́n ṣe ń gbé ife yí ìlú ká pẹ̀lú ìlù àti orin, òun wà lọ́dọ̀ bàbá tó ń to egungun, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Ilé-ìwé ò san kọ́bọ̀. Tíṣà kan ṣoṣo ló wá kí i, búrẹ́dì tó mú dání, owó àpò ara ẹ̀ ló fi rà á. Bàbá ọ̀rẹ́ mi fi àwọn igi kòkó kan dógò kó tó rówó ìtọ́jú san. Ọmọ náà ò lè jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde lọ́dún yẹn, kò sì padà sí i mọ́. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Òrè báyìí, bí òtútù bá sì ti mú, ẹsẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní kí àwọn ọmọ máa gbá a tìfẹ́tìfẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Irú ìfẹ́ wo nìyẹn, tí ẹnì kan ń fi egungun san, tí ẹlòmíràn ń fi àtẹ́wọ́ san?

OWÓ DÉ LÓÒÓTỌ́

Ní 2018, wọ́n dá líìgì àwọn yunifásítì sílẹ̀ nílẹ̀ wa, HiFL ni wọ́n ń pè é. Yunifásítì 16 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ń lọ bá ara wọn gbá a nílé àti lẹ́yìn odi bíi ti àwọn kíláàbù ńlá, iléeṣẹ́ ń gbé owó kalẹ̀, tẹlifíṣàn sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ oríkì: FUTA Tigers ti Àkúrẹ́, AAUA Luminaries ti Àkùngbá, OAU Giants ti Ilé-Ifẹ̀. Àwa ọmọ ìpínlẹ̀ Òǹdó, orí wa wú. Ta ni ò fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ tiẹ̀?

Ọ̀nà kejì tí owó gbà wọlé ni ti àwọn tí wọ́n ń pè ní akádẹ́mì. Láti 1990 tí líìgì ilẹ̀ wa ti di ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, àwọn òbí ti mọ̀ pé iṣẹ́ wà nínú bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí akádẹ́mì máa hù bí olú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. FIFA ní òfin kan. Bí kíláàbù kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn kí àdéhùn ẹ̀ tó pé, dọ́là 5 nínú gbogbo dọ́là 100 tí wọ́n san gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Kíláàbù ni wọ́n wí o! Ilé-ìwé tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù sí i lẹ́sẹ̀ ò sí níbẹ̀, àfi bó bá ti forúkọ sílẹ̀ bíi kíláàbù. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí olówó fi ń dá akádẹ́mì sílẹ̀ dípò kó tún pápá ilé-ìwé ṣe?

Gbogbo bàbá tó ní ọmọkùnrin ní Ajue ló mọ ìtàn Victor Osimhen. Ó ta omi láàárín ọkọ̀ l'Ékòó nígbà tó wà ní kékeré. Ó gba akádẹ́mì Ultimate Strikers kọjá, ó gbá gòólù 10 ní ife ayé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ ní 2015, Wolfsburg ti ilẹ̀ Jámánì gbà á ní 2017, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2023. Ìtàn tó dùn ni. Àmọ́ àwọn tí kò di Osimhen, ta ló ń ka iye wọn?

ỌMỌ TA NÌYẸN?

Ibi tó ti ń dun òǹwòran nìyí. Akádẹ́mì ti kó àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kúrò lórí pápá ilé-ìwé. Ilé-ìwé tó bá ṣì ń wá ife lójú méjèèjì á wá lọ yá agbábọ́ọ̀lù níta, àwọn tí a ń pè ní mẹ́sínárì. Ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí, tí irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n ẹ̀, á wọ jẹ́sì àwọn ọmọ wa. Bó bá gbá gòólù wọlé, a ó fò sókè. Ẹnì kan nínú wa á wá béèrè pé, "Ọmọ ta nìyẹn?" Gbogbo wa á wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá alákàrà á padà sídìí epo ẹ̀.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, tó ṣóńṣó lórí ṣóńṣó ní ìdí, àwọn yunifásítì ló ń gbá a tí ayé ń wò. Pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan nìkan gba ju 100,000 èèyàn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kóòṣì ibẹ̀ fi ń gba owó rẹpẹtẹ, tó jẹ́ pé owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti ilé nìkan ni ti ọmọ tó ń forí sọ ara wọn. Ní oṣù keje 2021, wọ́n gbà kí àwọn ọmọ náà máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn. Ní oṣù kẹfà 2025, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i pé yunifásítì fúnra ẹ̀ lè máa sanwó fún wọn, tó tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé-ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ó tọ́ sí wọn. Síbẹ̀ àwọn òǹwòran wọn ń kùn: ọmọ tí wọ́n ń pariwo fún lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ ó lè ti wọ jẹ́sì ilé-ìwé tí wọ́n jọ ń ṣọ̀tá. Ìbéèrè ìyá alákàrà kan náà ni: ọmọ ta nìyẹn?

Àmọ́ ẹ wo ti ọmọ kan tó ń jẹ́ Olumuyiwa Fashanu. Orúkọ ẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá. Yunifásítì Penn State ló ti gbá a. Nígbà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń sọ pé kíláàbù ńlá á mú un tó bá jáde ní 2023, ó padà sí ilé-ìwé fún ọdún kan sí i. Ní 2024, New York Jets mú un ní ipò kọkànlá nínú gbogbo ọmọ tó jáde lọ́dún yẹn. Ó dúró kó pọ́n.

ÀDÉHÙN NI, KÌ Í ṢE OWÓ

Kòkó ti dé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oníṣòwò kan wà tó máa ń wá bá àgbẹ̀ nígbà tí kòkó ṣì wà ní òdòdó. Á gbé owó sílẹ̀. Owó náà a máa wúlò, torí ọmọ lè wà nídùbúlẹ̀ àìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó bá pọ́n tí ọjà sì gbówó lórí, iye tí wọ́n ti dá lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni àgbẹ̀ á gbà. Á máa wo kòkó ẹ̀ bó ṣe ń wọ mọ́tò lọ. Owó ò ṣe kòkó ní nǹkan kan. Àdéhùn ló ṣe é, àti ebi tó ń pa ẹni tó ń ṣe àdéhùn.

Bí mo ṣe rí bọ́ọ̀lù ilé-ìwé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí owó wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àdéhùn. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá máa wọ jẹ́sì ilé-ìwé, kí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé tí tíṣà ń pè láràárọ̀. Ìkejì, ilé-ìwé tó bá kó ọmọ lọ sórí pápá, kó ti ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ife. Ìkẹta, bí wọ́n bá ń pa owó lórí ìpolówó àti tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi ti ọmọ pamọ́ fún un sí báńkì. Ìkẹrin, kí àwọn ilé-ìwé lọ wádìí bí wọ́n ṣe lè forúkọ sílẹ̀ bíi kíláàbù, kí àwọn náà lè jẹ nínú ohun tí wọ́n gbìn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ o: òfin FIFA ò gbà kí kíláàbù ilẹ̀ òkèèrè gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àyàfi lórí ìdí díẹ̀ kan, ìyẹn ò sì kan ọmọ Ajue tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ kì í. Ẹni tó bá ní kí ẹ ta oko kí òun lè gbé ọmọ ọdún 15 yín lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀nà Òrè hàn án.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Inú mi á dùn bí wọ́n bá sanwó fún ọmọ tó wà lórí pápá, kí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn má baà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó pariwo, màá kọ́kọ́ bi ẹni tó dúró tì mí pé ọmọ ta ni, kíláàsì wo ló wà. Bó bá rí i sọ, màá pariwo títí ohùn mi á fi há.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ̀wé sí Olóòtú, ká gbọ́ tẹnu yín.