Gbogbo Inú Rírun Kọ́ Ni Apẹ́ńdíìsì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí inú bá ti ń run èèyàn nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, apẹ́ńdíìsì ni gbogbo ayé ń pè é. Láti 1886 ni Reginald Fitz, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti fún àrùn náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn àrùn mìíràn wà tó máa ń gbé ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀.

Ọ̀kan ni oyún tó dúró síta ilé-ọmọ: bó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ya sínú ikùn. Èkejì ni fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn ẹ̀jẹ̀ SS: hóró ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé á dí iṣan, inú á sì máa run kíkankíkan.

Èkejì yìí ṣojú mi ní Magodo. Wọ́n ti fẹ́ gbé ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 14, wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ìyá rẹ̀ ké: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, SS lọmọ mi o!" Kò sẹ́ni tó ti bi í. Wọ́n fa omi sí ọmọ lára, wọ́n fún un lóògùn ìrora, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, inú náà rọ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún ọ̀bẹ o. Ẹni tó jẹ́ SS náà lè ní apẹ́ńdíìsì, bó bá sì bẹ́ mọ́ ọn nínú, ewu ńlá ni. Ohun tí mo ń wí ni pé dókítà kì í ṣe babaláwo. Ẹ mọ jẹnotáìpù ọmọ yín bẹ́ ẹ ṣe mọ orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè sọ ọ́.