Láti Orí Òkè Ìdànrè dé Kánáálì Òkè-Afá

Òkè gígùn ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mo máa ń kó èrò láti Èkó lọ sí Olúmọ, lọ sí ìtàkìtì omi Erin-Ìjẹ̀ṣà, lọ sí Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ti ń gbé ènìyàn dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n oorun tí mò ń sùn nígbà náà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́.

Ní Ìdànrè ni òṣìṣẹ́ báǹkì kan ti bojú wẹ̀yìn láàárín àtẹ̀gùn. Gbogbo yẹ̀yẹ́ tó ti ń ṣe láti ìsàlẹ̀ dópin. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpáta mú, òógùn bò ó, ó ní òun ń kú lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé kó yáa sọ̀kalẹ̀. Mo ní kó má sọ̀kalẹ̀, kó má sì gòkè. Mo jókòó tì í, àwa méjèèjì kọjú síbì kan náà, mo ní kó jẹ́ kí èémí tó ń mí síta máa pẹ́ ju èyí tó ń mí sínú lọ. Jìnnìjìnnì náà le, ó tún le sí i, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Láìwo ojú mi, ó ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kú ni òun kò ti sùn dáadáa. Ó ní ìyàwó òun gan-an kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá mi padà sí ilé ẹ̀kọ́, kí n lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọkàn ènìyàn. Níbẹ̀ ni mo ti kà nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò. Láti 1954, ní Àró l'Ábẹ́òkúta, ó ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé-ìwòsàn náà ká, kí ẹbí wọn kan bá wọn wá, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òyìnbó ṣì ń ti irú wọn mọ́lé nígbà yẹn. Tiwa ń kọ ebè.

Òṣòdì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan níbí fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ Yábàá nìkan ti tó láti lé àgbàlagbà sá. Irú wọn ló ń yọ́ wá bá mi, wọ́n á ní orí fífọ́ ni.

Ẹsẹ̀ dídùn ni ti Màmá kan tó ń ta aṣọ. (Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí, mo sì yí àwọn nǹkan kan padà.) Ìsọlọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọmọ wọn bímọ sí Èjìgbò, ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbé ènìyàn dé kíá, síbẹ̀ wọn kò lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Kì í ṣe ẹsẹ̀. Kánáálì Òkè-Afá ló wà lọ́nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìn-ín-ní 2002, iná ran ilé tí wọ́n kó bọ́ǹbù sí ní bárékè sójà Ìkẹjà. Ìbúgbàù bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró bọ̀rọ̀. Àwọn kan rò pé ìjọba làwọn sójà fẹ́ gbà, àwọn mìíràn ní ayé ti parí. Ọ̀pọ̀ èrò forí lé ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lódìkejì kánáálì. Ilẹ̀ ti ṣú, ewé tó ń hù lójú omi sì ti bo ibẹ̀, àwọn tó wà níwájú rò pé koríko ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì dúró. Lápapọ̀, àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní 1,000, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àbúrò tí Màmá fà lọ́wọ́ wà lára wọn.

Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan yanjú irú èyí nínú yàrá. Òṣòdì la ti gbéra, à ń rìn sún mọ́ kánáálì náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, a kàn rìn dé ibùdókọ̀ Toyota ni, a ò dárúkọ omi rárá. Nígbà tó yá, a ń dé Ìyànà-Ìsọlọ̀. Lẹ́yìn náà la wọ inú Ìsọlọ̀. A ti mú ibi tí a ó ti máa dúró tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn ibi ìsinmi orí àtẹ̀gùn Ìdànrè. Níbi kọ̀ọ̀kan, Màmá á fi òǹkà sọ bí ẹ̀rù náà ṣe tó, láti òdo dé mẹ́wàá. Tó bá ti di méje, a ó dúró títí yóò fi wálẹ̀, a kì í padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá sá nígbà tí ẹ̀rù ga jù, ara rẹ̀ á gbà pé sísá ló yọ òun, ẹ̀rù náà á sì le sí i lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rìn ló ń pinnu ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dé. Ẹni tó bá kàn ń wọ́ ènìyàn lọ síbi tó ń bẹ̀rù, ìkà ló ń ṣe.

Lọ́jọ́ tí a dé afárá, obìnrin kan ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà, oníkẹ̀kẹ́ kan ń bú wa pé a dí òun lọ́nà.

"Mẹ́jọ, Dókítà," Màmá wí. Mo ti sọ fún wọn títí pé n kì í ṣe dókítà.

"Ẹ jẹ́ ká dúró, Mà."

A dúró, a kọjú sí ọ̀nà. Wọ́n sọ bí ọwọ́ àbúrò wọn ṣe já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sọ pé gúgúrú ló fẹ́ràn jù, pé kì í fún ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n nu ojú. Nígbà tí òǹkà di márùn-ún, wọ́n bojú wolẹ̀.

"Ṣé omi yìí náà nìyí? Kò mà fẹ̀."

Òkúta ìrántí wà ní Òkè-Afá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó di ọjọ́ mìíràn. A sọdá. Kí n tó sọ ohunkóhun, wọ́n ti dá kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n ń ná Èjìgbò, wọ́n ní owó tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà pè ti pọ̀ jù. Mo fẹ́ wọlé tì wọ́n.

"Ẹ padà síbi iṣẹ́ yín o, Dókítà," ni wọ́n wí. "Ọmọ-ọmọ mi ò mọ̀ yín."