Èdè Tí Kì í Ṣe Ti Ẹnìkan

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ni ó ti ń gbé láàárín èdè mẹ́ta kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, Lárúbáwá ni ó ń kà lójú wàláà nílé-kéwú, Gẹ̀ẹ́sì sì ni olùkọ́ ń retí lẹ́nu rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n tún fi Esperanto kún ẹrù rẹ̀?

Ìlú elédè púpọ̀ bí Ìlọrin ni èdè náà ti ṣẹ̀. Ní Białystok, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà, ni wọ́n bí Zamenhof, dókítà ojú tí ó jẹ́ Júù. Ó dàgbà sáàárín àwọn tí ń sọ èdè Rọ́ṣíà, Pólándì, Jámánì àti Yiddish, tí èdè sì ń ya wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ní 1887, ó gbé èdè kan jáde tí kò sí orílẹ̀-èdè kan tí yóò fi jẹ gàba lórí òmíràn.

Òfin gírámà 16 péré ni ó fi lélẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, «go» á di «went», kò sì sí òfin tí ọmọdé lè dì mú. Ní ti Esperanto, «-is» ni gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí àkókò rẹ̀ ti kọjá ń parí sí. «Lerni» ni láti kọ́ ẹ̀kọ́. Láti inú rẹ̀ ni «lernanto», akẹ́kọ̀ọ́, àti «lernejo», ilé-ẹ̀kọ́, ti jáde, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe fà ẹ̀kọ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yọ láti inú «kọ́». Ọmọ tí ó bá rí èyí yóò mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́, tirẹ̀ náà yóò sì yé e sí i. Ní Lomé, olú-ìlú Tógò, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń jẹ́ orúkọ Zamenhof ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè náà.

Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò fi Esperanto ná ata ní Ọjà-Ọba. Ọ̀pọ̀ ọmọ Fúlàní àti Gàm̀bàrí Ìlọrin ni Yorùbá ti di èdè ilé wọn. Kì í ṣe òfin ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ọjà, ìgbéyàwó àti àdúgbò ni. Nítorí náà, kí Esperanto dúró sí kíláàsì, wákàtí kan lọ́sẹ̀, ní ọdún àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Èdè abínibí ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó fi èdè abínibí sí ipò yìí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí wọ́n gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi wé èdè tí kì í ṣe ti ẹnìkan.