Ìlẹ̀kẹ̀ Là Lọ́rùn Ìyàwó, Ó Gbé Mi Dé Odumase Krobo

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Rẹ́mọ ni mí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ta okùn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kan fún ìyàwó tuntun. Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, mẹ́ta là sí méjì lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ, kò ṣubú, kò fara gbá nǹkan kan. Ìyá ọkọ pariwo ayédèrú. Àwọn kan tiẹ̀ ní àmì burúkú ni. Bí oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá nìyẹn.

Mo ti àfọ́kù náà bọ àpò. Mo gba Sẹ̀mẹ̀, Kùtọnú àti Lomé wọ Gánà, ó di Odumase Krobo.

Ìgò bíà tí àwa ń dà sí ààtàn, owó ni lọ́dọ̀ àwọn Krobo. Wọ́n ń gún un kúnná bí èlùbọ́, wọ́n ń rọ ọ́ sínú àwo amọ̀ oníhò tí wọ́n ti fi ẹfun ra inú rẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Igi ewé gbágùúdá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kì bọ àárín. Iná á jó o, ojú okùn á kù. Iléru amọ̀ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀, ẹ gbà mí!

Mo yọ àfọ́kù mi. Bàbá oníléru gbé e sí oòrùn. (Gẹ̀ẹ́sì la fi sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ Dangme.)

"Ọmọ mi, ẹni tó ṣe èyí kánjú."

Bàbá ní bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti inú iná bọ́ sí afẹ́fẹ́ tútù, ara rẹ̀ á le nígbà tí inú ṣì ń gbóná. Tí inú bá wá fẹ́ súnkì, ara kò ní gbà fún un. Ìjà abẹ́lẹ̀ nìyẹn, ojú kò rí i. Ó lè pé oṣù mẹ́ta kó tó là. Ṣebí ẹ ti da omi gbígbóná sí ife gíláàsì tútù rí? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ nínú àwo amọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń lo iléru kékeré oníná mànàmáná máa ń dá ooru dúró ní nǹkan bí 500 Sẹ́ńtígíréèdì, wọ́n á wá máa rọra dín in kù fún wákàtí mélòó kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ńlá ló ń pẹ́ jù.

Ìtìjú sì mú mi díẹ̀. Ní Igbó Olókùn, Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ṣáájú ọdún 1500. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú ohun tó lé ní 12,000 níbẹ̀. Èmi wá ń lọ kọ́ ọ ní Gánà!

Mo ra okùn méjì bọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi fún ìyàwó náà ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá ọkọ ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n ìyàwó ti wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Tí alájàpá bá sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá báyìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi kì í kọ́kọ́ bèèrè iye. "Ṣé ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa nínú iléru?" ni wọ́n ń bi í.