Ẹ Sọ Ìtàn Uli fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun Biafra, èébú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ wa kì í dá a sọ nílé, torí ọgbẹ́ náà ò tíì jinná. Àmọ́ bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, àrọ́bá ló yẹ kó bá. Ta ni kó wá pa á fún un bí kò ṣe àwa?

Èmi ò bá àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gágun kankan. Uli, ibi tí bàálù oúnjẹ ń balẹ̀ sí nígbà ogun náà, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù keje ọdún 1967 ni ogun náà bẹ́ láàárín ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti Biafra, apá ìlà-oòrùn tó yà kúrò. Nígbà tí Port Harcourt bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 1968, Biafra ò lọ́nà òkun mọ́. Oúnjẹ wọ́n, iyọ̀ dàwátì. Àwọn ọmọdé ló fara gbá a jù: ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, kwashiorkor ń pa wọ́n.

Àwọn ìjọ Ọlọ́run dìde. Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì para pọ̀, àwọn ìjọ Denmark, Norway, Sweden àti Finland wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ Júù kan ní Amẹ́ríkà náà dá sí i. Joint Church Aid ni wọ́n pe ara wọn. Erékùṣù São Tomé, tó wà lábẹ́ àwọn Potogí nígbà náà, ni bàálù wọn ti ń gbéra, òru ni wọ́n sì ń fò kí ọkọ̀ ogun má baà rí wọn. Títì ọkọ̀ tí wọ́n mú fẹ̀ sí i ni wọ́n ń balẹ̀ sí ní Uli. Ìgbà tí bàálù bá fẹ́ kanlẹ̀ gan-an ni wọ́n tó ń tan iná ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á sì tún pa á kíá, torí ẹni tó ń ju bọ́ǹbù ń dọdẹ wọn lókè. Nínú òkùnkùn yẹn ni wọ́n ti ń já páńlá, iyọ̀ àti mílíìkì oníyẹ̀fun. Àwọn fadá ará Ireland tó ti pẹ́ láàárín àwọn Ìbò wà lára àwọn tó ń pín in. Bàálù àwọn ìjọ náà balẹ̀ ní ìgbà tó lé ní 5,000, ẹrù tí wọ́n kó tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn awakọ̀ kan kú sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún.

Bàálù tó bá já oúnjẹ sílẹ̀ kì í fìgbà gbogbo padà lófìfo. Àwọn ọmọ tí àìsàn ti wọ̀ lára ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, lọ sí São Tomé, Gabon àti Ivory Coast. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, lẹ́yìn ogun ni wọ́n sì tó kó èyí tó pọ̀ jù padà wálé. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ bá mi wò ó: kéèyàn gbé ọmọ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́ lóru, torí pé bó bá dúró sọ́dọ̀ òun, ikú ni.

Ẹ má fi apá kejì pamọ́ fún ọmọ. Bàálù tó ń kó ìbọn fún Biafra ń balẹ̀ sí Uli yìí kan náà, inú ìjọba àpapọ̀ ò sì dùn sí i. Àwọn kan ṣì ń sọ pé oúnjẹ yẹn ló jẹ́ kí ogun pẹ́. Bí ọmọ bá béèrè èrò yín, ẹ sọ ọ́. Tèmi ni pé ọmọ ọdún mẹ́ta ò dìtẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó fi oúnjẹ sí i lẹ́nu ò sì ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ò ní wọ ọmọ létí bí a bá ń bú ẹ̀yà aládùúgbò nídìí oúnjẹ alẹ́, tàbí tí a bá ń wí lójú ọmọ pé, “Kì í ṣe ara wa, kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀.” Bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín bá tún ń pín oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ fi kóńgò lé e lọ́wọ́ kó bá wọn wọn ìrẹsì. Kó wọ̀n ọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá tò síbẹ̀, kó má sì béèrè ìlú rẹ̀.