Ta ló pariwo pé 'a gbà'?

Ìdánwò ni kò jẹ́ kí ẹ gbúròó wa, ṣùgbọ́n a ti padà dé. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ìbò 2023. Àríyànjiyàn kan ló bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa nígbà náà, a ò sì tíì parí rẹ̀ títí di bí a ṣe ń kọ èyí.

Márùn-ún ni àwa tí à ń kọ ọ́. Ìtòsí Ojú Ẹlẹ́gbà ni a háyà yàrá sí, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà ti pàdé. Ẹni tó ń lọ sí Yaba á rí ọkọ̀, ẹni tó ń lọ sí Lawanson á rí, ọ̀kan nínú wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà sì lè fẹsẹ̀ rìn ín tí kò bá sówó ọkọ̀ lọ́wọ́. Òun gan-an ló bi wá ní ìbéèrè tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: aṣojú wa ní Àbújá, tí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ìwòsàn, ti ilé ìwé, tàbí ti àwọn tí kò ní, báwo ló ṣe ń dìbò? Kì í ṣe ohun tó pín fún àdúgbò ló ń béèrè o. Kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe fọ́ọ̀mù JAMB ọ̀fẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìbò rẹ̀ ló ń béèrè. Nígbà tí wọ́n bi ilé léèrè, ṣé ó gbà ni àbí ó kọ̀?

Ó yẹ kí ẹni tó bá ní fóònù àti dátà díẹ̀ rí èsì irú ìbéèrè yìí láàárín wákàtí kan. Alẹ́ mẹ́ta la fi wá a. A rí ọjọ́ ìbí, a rí ilé ìwé tí wọ́n lọ, a rí oyè tí wọ́n jẹ, a rí àwòrán ìṣílé lóríṣiríṣi. A ò rí ìbò.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò ní ilé aṣojú-ṣòfin wa. Tí àbádòfin bá dé ojú ìpinnu, abẹnugan á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn, wọ́n á pariwo pọ̀. Á ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn dáhùn, àwọn náà á pariwo tiwọn. Ariwo tó bá pọ̀ jù létí abẹnugan ló borí. Á fi òòlù lu tábìlì, ó tán. Ìjókòó 360 ló wà nínú ilé yẹn, ìwé ilé á sì kọ ọ́ pé ilé gbà, tàbí pé ilé kò gbà. Kò ní kọ ọ́ pé ti Surulere gbà, ti Mushin kọ̀, ti Mainland ń sùn.

Ẹ wo èyí tó kan ọ̀rẹ́ wa onísègùn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2023, àbádòfin kan kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì nílé náà. Ganiyu Johnson, tó ń ṣojú Oshodi-Isolo Kejì níhìn-ín l'Ékòó, ló gbé e wá. Ó fẹ́ kí dókítà tó bá kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ kíkún. Kí àwọn dókítà yé japa ló wà lọ́kàn rẹ̀, a sì mọ̀ pé ìṣòro náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ wa kò jẹun. Ó gbé bíró, ó ń ṣírò: ọdún mẹ́fà nílé ìwé tí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì (ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀), ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà márùn-ún yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà NARD yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sì fi àbádòfin yìí kún ohun tí wọ́n ń bínú sí. Kò di òfin. Orúkọ Johnson la mọ̀, torí pé wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá gbé àbádòfin wá. Àwọn tó pariwo pé 'a gbà' lọ́jọ́ náà ńkọ́? A lè máa pàdé wọn níbi ìnáwó, ká máa kí wọn kú àárọ̀, ká má mọ̀.

Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní 2021, Sergius Ogun láti Edo ti gbé àbádòfin mìíràn wá sílé kan náà, láti fi òfin dí àwọn aláṣẹ ìjọba lọ́wọ́ lílọ gba ìtọ́jú lókè òkun. Ilé kọ̀ ọ́. Ẹ fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí dókítà má lọ, ilé ní ó dáa, ká tẹ̀ síwájú. Kí ọ̀gá tó ń lọ bá dókítà lókè òkun má lọ, ilé ní rárá. Ariwo ló parí méjèèjì.

Nínú àwa márùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn kan ń lọ, mọ́ṣáláṣí ni àwọn kan ń lọ, kò sí ẹni tó ń bọ Èṣù. Ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò wa kò jẹ́ ká gbàgbé pé ojúbọ ni ibẹ̀, àti pé àwọn baba wa gbà pé Ẹlẹ́gbà ló ń ròyìn ìwà ẹ̀dá fún Olódùmarè. Ọ̀kan nínú wa ní Àbújá ni wọn ì bá gbé ojúbọ náà lọ.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí fún màmá tó ń ta àmàlà fún wa nítòsí bíríìjì, wọ́n kọ́kọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìbò tí wọ́n dì l'Ábùújá, ṣé mo lè fi se ọbẹ̀ ni? Ẹni tó bá gbé nǹkan wá ni mo mọ̀." A ò lè bá wọn jà. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi ń wọn aṣojú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bu gbẹ̀gìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọmọ wọn obìnrin ṣe bímọ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan: ìbọ̀wọ́ ni, òwú ni, Dẹ́tọ́ọ̀lù ni, abẹ́rẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní kó rà wá láti ìta. Nọ́ọ̀sì ò burú, wọ́n ní, nọ́ọ̀sì náà ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìbò ti wọ inú abọ́ àmàlà. Ní oṣù kẹwàá 2014, Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin ìlera orílẹ̀-èdè. Ohun kan wà nínú òfin náà tó kan irú ilé ìwòsàn tí ọmọ màmá lọ: kí wọ́n máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n máa fi ṣe ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Òfin ni, kì í ṣe ìlérí ìpolongo. Síbẹ̀, bájẹ́ẹ̀tì 2015 kọjá láìsí owó yẹn nínú rẹ̀. Ti 2016 kọjá. Ti 2017 kọjá. Bájẹ́ẹ̀tì 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi í sí, bílíọ̀nù 55 náírà. Ìlú Àbújá yìí kan náà sì ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣe ìpinnu ní 2001 pé 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó bájẹ́ẹ̀tì á máa lọ sí ìlera. Bájẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì débẹ̀ rí. Ìgbà mẹ́ta ni ilé méjèèjì pariwo 'a gbà' sí bájẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìbọ̀wọ́ ọmọ màmá nínú. Ta ló dìde pé òun ò gbà? Bóyá ẹnì kan wà. Bóyá ó wá láti Surulere pàápàá, tó yẹ ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé kò sọ fún wa.

Àwọn kan máa ní kò sí bí èèyàn ṣe lè kọ ìbò èèyàn 360 sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Òfin ilé gba ọmọ ilé láyè láti ní kí wọ́n ka ìbò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Sẹ́nétọ̀ Abaribe lo ẹ̀tọ́ yìí nílé aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2021, nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí fífi ẹ̀rọ ránṣẹ́ èsì ìbò. Wọ́n pe wọ́n lórúkọ: 52 síhìn-ín, 28 sọ́hùn-ún, 28 kò sí níjòókòó. Kò pẹ́ tí orúkọ wọn fi gba orí WhatsApp kan, tí àwọn èèyàn ń bi sẹ́nétọ̀ wọn léèrè ibi tó wà lọ́jọ́ náà. L'Ámẹ́ríkà, tí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó wà níjòókòó bá béèrè, dandan ni kí wọ́n kọ ìbò kálukú sílẹ̀, ìwé òfin wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tó ń gbé Peckham lè fi fóònù rẹ̀ wo bí aṣojú òun ṣe dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, kó sì wò ó nínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ Yorùbá ni òun náà o. Afárá tó ń gbà kọjá lásán ló yàtọ̀ sí tiwa.

Wàyí o, ti Surulere fúnra rẹ̀. Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà ló ṣojú Surulere Kìíní láti 2003 títí di 2023, ogún ọdún gbáko. Àwọn kan nínú wa kò tíì lè sọ̀rọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọlé. Láti 2015 òun ni olórí àwọn ọmọ ilé tó pọ̀ jù, láti 2019 òun ni abẹnugan. Òun ló gbé àbádòfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ wá, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2022, tí ọ̀kan nínú wa fi ń ta bàtà òkìrìkà ní Tejúoṣó, ó wà lára àwọn tó bá wọn jókòó kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. Ó wà lákọsílẹ̀, a sì rí i kà.

Ṣùgbọ́n apá 56 ìwé òfin Nàìjíríà ní ẹni tó bá jókòó sí àga abẹnugan kò gbọdọ̀ dìbò, àfi tí ìbò bá dọ́gba. Ìyẹn ni pé fún ọdún mẹ́rin tí a fi ń yangàn pé ọmọ wa ni abẹnugan, apá wa nínú Surulere kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìbò nílé náà rárá. Ohun tí a ní ni etí. Etí ọmọ Surulere ló ń gbọ́ ariwo méjèèjì, tó ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí a ka apá yẹn tán, yàrá dákẹ́.

Òfin ẹ̀yáwó yẹn náà, ẹ jẹ́ ká tún un wò. Bó ṣe kọ́kọ́ jáde, owó tó ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tó ₦500,000 lọ́dún, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá: òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò kéré sí ìpele 12, tàbí lọ́yà tó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí adájọ́ àti irú wọn. Ẹ bá wa wá ọmọ ẹni tó ń ta ẹ̀wà lábẹ́ bíríìjì tó ní adájọ́ ní sàréè. Ilé méjèèjì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ẹ̀yáwó gbà lábẹ́ òfin yẹn. Wọ́n fagi lé e, wọ́n ṣe tuntun, Ààrẹ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024. Onídùúró kúrò, gègé owó ìdílé kúrò. Méjì nínú wa ń gba ₦20,000 oṣooṣù níbẹ̀ báyìí, a sì dúpẹ́. A kàn ṣì fẹ́ mọ ẹni tó ka ọ̀rọ̀ onídùúró yẹn, tó sì pariwo 'a gbà'.

Fuad Laguda ló wà lórí ìjókòó Surulere Kìíní láti ìbò ìrọ́pò oṣù kejì 2024. Òun kì í ṣe abẹnugan, nítorí náà ó ní ìbò. Ohun tí a máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá polongo lọ́dọ̀ wa, kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kó máa kọ ìbò ara rẹ̀ sílẹ̀. Tí bájẹ́ẹ̀tì bá kọjá, kó sọ fún wa bóun ṣe dáhùn. Tí àbádòfin ìlera tàbí ti ilé ìwé bá dé, kó sọ.

Ọ̀rẹ́ wa onísègùn, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ni kò gbà pẹ̀lú wa báyìí. Ó ní inú ariwo nìkan ni aṣòfin lè sá pamọ́ sí tó bá fẹ́ ṣe ohun tí ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá á rí i kí màmá alámàlà tó rí i, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á sì lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára. Àwa mẹ́rin ní ọ̀gá ẹgbẹ́ ti ní àwọn tó ń bá a wo ẹni tó la ẹnu àti ẹni tó pa á dé nínú ilé yẹn. Àwa tó dìbò fún wọn nìkan ni kò rí nǹkan kan. Ó ní ká mú ẹ̀rí wá. A ṣì ń wá a.