Usi nínú kíláàsì: lẹ́tà láti Warri

Ẹ̀yin ará ilé n'Íbàdàn,

Ọmọ yín ló ń kọ̀wé láti Warri. Òjò ń rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Ilẹ̀ tó ń gba òjò tó lé ní mílímítà 2,500 lọ́dún kì í gbẹ bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàtà àwọn ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló fa lẹ́tà yìí. Ọmọ-ọmọ yín obìnrin tó wà ní kíláàsì kẹrin ló fà á. Ó ti iléèwé dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, sítáàṣì gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì bi ọmọ yín tó jẹ́ bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè tí bàbá náà kò rí dáhùn.

"Dádì, tí a bá ti fọ ẹ̀gẹ́ tán, kí ló kù nínú rẹ̀ tó ń ṣe ara lóore?"

Kí ìbéèrè yìí tó yé yín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nípa oúnjẹ ibí. Ẹni tó kúrò n'Íbàdàn, tó gba Benin kọjá dé Warri, kò tíì jáde ní Nàìjíríà, àmọ́ ìkòkò ọbẹ̀ yóò sọ fún un pé ó ti dé ìdálẹ̀. Ìṣẹ̀kírì, Urhobo àti Ìjọ̀ ló ń gbé níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pijin sì ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn ná ọjà. Etí Yorùbá a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan méjì mú nínú èdè Ìṣẹ̀kírì, torí pé ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè ka òun àti Yorùbá sí. Olú, bí àpẹẹrẹ, ni wọ́n ń pe ọba Ìṣẹ̀kírì. Oúnjẹ ni kò jọra. Níbi tí a ti ń ro àmàlà nílé, usi ni wọ́n ń rò níhìn-ín. Sítáàṣì inú ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n á fi epo pupa díẹ̀ sí i, á máa fà bíi rọ́bà, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ẹyìn jẹ ẹ́. Banga ni gbogbo ìlú ń pe ọbẹ̀ náà.

Usi yìí ni àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì ọmọ-ọmọ yín fi kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ. Ó bẹ ẹ̀gẹ́ láti ilé wá. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu lára ni àwọn ọmọ fi rin ín, méjì méjì: ọ̀kan di páànù mú, èkejì ń rin. Wọ́n bu omi sí i, wọ́n fi ọwọ́ pò ó, wọ́n dà á sínú aṣọ funfun, wọ́n sì fún un. Omi tó jáde funfun bíi wàrà. Wọ́n gbé e tì, wọ́n lọ ṣeré. Nígbà tí wọ́n padà dé, omi òkè ti tòrò, ohun kan sì ti dì sí ìsàlẹ̀ báàfù. Wọ́n rọra da omi nù. Bí ìka bá gbá ohun tó kù yẹn lójijì, ó le bí ẹfun. Bí ọmọ bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ tó sì dúró jẹ́ẹ́, ó ń ṣàn láàrin ìka rẹ̀. Ariwo ta nínú kíláàsì. Kò sí ọmọ tí kò fẹ́ tún un gbá.

Àǹtí nìkan ló fọwọ́ kan iná. Ó po sítáàṣì náà mọ́ omi, ó kán epo sí i, ó rò ó lórí sítóòfù, àwọn ọmọ sì dúró lẹ́yìn ìlà tó fi ẹfun fà sílẹ̀. Funfun yẹn di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lójú wọn, ó sì ń dán. Ìgbà yẹn ló wá bi wọ́n pé: kí ni a dà nù? Wọ́n tọ́ka sí pàǹtí tó kù nínú aṣọ, wọ́n tọ́ka sí omi. Ó ní ó dára bí a ṣe da omi náà nù, torí ó gbé púpọ̀ nínú májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù lọ. Àmọ́ ohun tó kù nínú ìkòkò, agbára ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń mú ara dàgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ọmọ-ọmọ yín ti wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí ìdáhùn, inú ọbẹ̀ ló sì wà. Olúkúlùkù mú nǹkan kan bọ̀ láti ilé: ẹyìn, edé, ẹja gbígbẹ, ìṣáwùrú, ewé. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan fún ohun tó ń fúnni lágbára, ọ̀kan fún ohun tó ń mú ara dàgbà, ọ̀kan fún ohun tó ń dáàbò bo ara. Ẹja àti edé kò ní wàhálà. Orí ẹyìn ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní epo ni, agbára ló ń fúnni; àwọn kan ní ó pupa, ó yẹ kó wà pẹ̀lú èso. Àǹtí ní òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ: epo ń fúnni lágbára, àwọ̀ pupa yẹn sì ni ara ń sọ di fítámì A tí ojú fi ń ríran dáadáa. Wọ́n gbé ẹyìn sí àárín, lórí ìlà.

Ohun tó wu ọmọ yín jù lọ́wọ́ olùkọ́ yìí ni pé kò sọ fún ọmọ kankan pé usi kò dára. Oúnjẹ ìyá wọn ni. Ó kàn fi hàn wọ́n pé ọbẹ̀ ló ní iṣẹ́ tó pọ̀ láti ṣe, nítorí náà kí ẹja inú rẹ̀ má ṣe jẹ́ ti bàbá nìkan. Nígbà tí ọmọ yín wà ní kíláàsì kẹrin tirẹ̀, àwòrán ápù àti gíréèpù ló wà lára ògiri. A há orúkọ wọn sórí, a kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, a sì padà sílé lọ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà nínú àwo wa.

Ẹ̀kọ́ ṣúgà ló tẹ̀ lé ti ọbẹ̀. Ìgò ike ẹlẹ́rìndòdò 50cl tó ti ṣófo ni wọ́n mú wá. Wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun mímu yìí ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú mililítà 100, èyí tó sọ odindi ìgò di gíráàmù 50. Ṣíbí tíì kan ń gba gíráàmù 4. Gbogbo kíláàsì jọ ń ka ṣíbí sókè bí àǹtí ṣe ń bu ṣúgà sínú ìgò: méjìlá àti ààbọ̀. Ẹnu yà wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé ó sàn kí àgbàlagbà má kọjá nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́, èyí tó jẹ́ ṣíbí mẹ́fà. Òfin ìṣúná Nàìjíríà ti 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà ohun mímu aládùn kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìgò tí ọmọ-ọmọ yín gbé wálé, tó gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ṣúgà nínú rẹ̀, ló dá ilé yìí lẹ́kun. Bàbá rẹ̀ kò tíì ra páálí mínírà kan láti ọjọ́ náà.

Ní ti oúnjẹ iléèwé, ẹ rántí pé Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọmọ iléèwé láti 2006, Ọ̀ṣun sì tún tirẹ̀ ṣe ní 2012 lábẹ́ orúkọ O-Meals. Ìjọba àpapọ̀ gbé tirẹ̀ dìde ní 2016 fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta, náírà 70 fún ọmọ kan lójúmọ́ nígbà náà. Iṣẹ́ rere ni. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ jẹun yó, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ohun tó ń jẹ. Jàpáánì ṣe òfin lórí ẹ̀kọ́ oúnjẹ ní 2005, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló sì ń wọ épírọ́ọ̀nù tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún ara wọn nínú kíláàsì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oúnjẹ sísè sínú ẹ̀kọ́ dandan fún àwọn ọmọdé láti oṣù kẹsàn-án 2014. Kíláàsì tí ọmọ yín ń ròyìn yìí kò ní épírọ́ọ̀nù, kò ní ilé ìdáná. Páànù, báàfù àti aṣọ funfun ló ní.

Ó tún ní ọgbà. Nítorí omi tó máa ń dúró lórí ilẹ̀, inú àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n gbin gbúre àti ugu sí, àpò kan fún ọmọ mẹ́ta, wọ́n tò wọ́n sórí búlọ́ọ̀kù. Ti ọmọ-ọmọ yín ti yọ ewé.

Ọgbà yìí ló mú kí ọmọ yín máa bẹ̀bẹ̀. Ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA tó wà n'Íbàdàn láti 1967 wà lára àwọn tó mú ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè jáde, irú èyí tí ara ń sọ àwọ̀ rẹ̀ di fítámì A, tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní 2011. Àwọn ọmọ náà fẹ́ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ funfun, kí wọ́n rin méjèèjì, kí wọ́n fọ méjèèjì, kí wọ́n wò ó bóyá àwọ̀ yẹn yóò bá omi lọ tàbí yóò dúró sínú usi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá igi rẹ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, kí ẹ fi àpò tútù wé e, kí ẹ sì fún dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Warri ní Ìwó Road. Ọmọ yín yóò dúró dè é ní Effurun. Bó bá dé kí oṣù kẹta tó parí, àwọn ọmọ náà á ti wà ní kíláàsì karùn-ún kó tó tó wà.